Ta Ló Yẹ Kó San Owó Oṣù Agbáwo?

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ owó ọtí tó gba ìgboro kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn owó tí oníbàárà fi ń ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ, tí òyìnbó ń pè ní tips. Nílùú Èkó lónìí, béèyàn bá ra epo, wọn á ní "ẹ rí wa o." Bó bá lọ gbowó nídìí ẹ̀rọ ATM, ọlọ́dẹ báńkì á bẹ́ sẹ́lúùtù fún un, á ní "ẹ kú wíkẹ́ẹ̀ńdì sà," bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú ni. Bó bá jẹun tán nílé oúnjẹ, agbáwo tí a ń pè ní wétà kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bó bá lọ sóde ìnáwó, ẹran kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò. Inú ń bí àwọn èèyàn, kò sì yẹ kí inú má bí wọn. Àmọ́ orí òṣìṣẹ́ ni ìbínú yẹn ń dà lé, ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ sì jókòó sínú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń kawó. Òun gan-an ni mo fẹ́ ká kọjú sí.

Kò sẹ́ni tó ní ká má ta èèyàn lọ́rẹ. Ẹni tó bá ṣe dáadáa fúnni, à á fi nǹkan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ti bá a. Lọ́jà wa pàápàá, ọlọ́jà ló ń bu èènì lé ọjà fún oníbàárà, kì í ṣe oníbàárà ló ń bù ú fún ọlọ́jà. Ohun tó bàjẹ́ ni pé wọ́n ti sọ ọrẹ di gbèsè, ẹni tí kò bá sì san gbèsè tí kò jẹ náà, wọn á máa wò ó bí ahun.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni rìsíìtì wà tójú lè rí. Ká ní èèyàn mẹ́ta jẹun ní Ìkẹjà tàbí Lẹ́kì. Oúnjẹ jẹ́ ₦24,000, ohun mímu ₦6,000, àpapọ̀ ₦30,000. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á kọ service charge, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún oníbàárà, 10%, tó jẹ́ ₦3,000. VAT, owó-orí ìjọba àpapọ̀ lórí ọjà, tẹ̀ lé e, 7.5%, iye tó ti wà láti oṣù Kejì ọdún 2020. Lórí ₦30,000, ó jẹ́ ₦2,250. Èkó náà ní owó-orí tirẹ̀ lórí oúnjẹ, ọtí àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, 5%, láti inú òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2009, ìyẹn ₦1,500. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦36,750. Àwọn ilé oúnjẹ mìíràn máa ń ro service charge mọ́ owó oúnjẹ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, nígbà náà yóò di ₦37,125. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo iye tí wọ́n ṣírò owó-orí lé lórí.

Lẹ́yìn ₦36,750 yìí ni agbáwo á tún fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dúró. Oníbàárà á kanrí mọ́nú, á ní ṣebí òun ti san ₦3,000. Ó ti san án lóòótọ́. Ohun tí kì í béèrè ni pé ta ló gbà á.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ilé oúnjẹ àti ilé epo ni iṣẹ́ wa, a sì mọ ibi tó ń gbà. Service charge tó bá ti pọn dandan kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́ nínú ìwé ìṣirò. Owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ ni, inú àkáǹtì kan náà tí owó ìrẹsì àti owó ẹran ń lọ lòun náà ń lọ. Kò sí òfin kan pàtó nílẹ̀ wa tó ní kó ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tó bá ní ojú àánú á pín in. Ọ̀gá tí kò bá ní, á fi ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí owó náà ti tó, ẹ jẹ́ ká mú ilé oúnjẹ kan tó ń pa ₦900,000 lójúmọ́, tó sì ń ṣí fún ọjọ́ 26 lóṣù. Ọjà oṣù kan jẹ́ ₦23,400,000, 10% rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,340,000. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín in bó ṣe yẹ, póíǹtì ni wọ́n fi ń pín in, ìyẹn iye ìpín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú owó náà. Ká ní òṣìṣẹ́ 19 ló wà níbẹ̀: olórí alásè 2, póíǹtì 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, alásè 4, póíǹtì márùn-márùn-ún, agbáwo 6, márùn-márùn-ún, àwọn tó ń bu ọtí 2, márùn-márùn-ún, àwọn tó ń fọ abọ́ 3, mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn tó ń gbálẹ̀ 2, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ rò ó pọ̀, póíǹtì 90 ni. Póíǹtì kan á jẹ́ ₦26,000. Agbáwo á mú ₦130,000 lọ sílé, afọbọ́ ₦104,000, olórí alásè ₦156,000, ẹni tó ń gbálẹ̀ tó kéré jù láàárín wọn á mú ₦78,000. Owó oṣù kò tíì sí nínú gbogbo èyí o. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ṣé ẹni tó bá ń gba irú owó báyìí á tún máa dúró ti tábìlì bí ẹni tó fẹ́ tọrọ báárà?

Kò dé ọwọ́ wọn ni. Ọ̀nà tí kì í fi í dé ọwọ́ wọn pọ̀, ẹ jẹ́ n ka díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀gá fi service charge san owó oṣù fúnra rẹ̀. Wọ́n á sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé ₦80,000 ni yóò máa gbà. Bẹ́ ẹ bá tú ìwé wò, ₦30,000 péré ló ti àpò ọ̀gá wá, ₦50,000 tó kù jẹ́ owó tí oníbàárà ti san lọ́tọ̀. Oníbàárà ló ń san owó oṣù, ọ̀gá ló ń gba ọpẹ́. Èkejì ni pé wọ́n á yọ owó gíláàsì tó fọ́ níbẹ̀, wọ́n á yọ owó ẹni tó jẹun tó sì yọ́ lọ láìsanwó, wọ́n á yọ owó ẹ̀wù iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, ní abala 5, kò gba ọ̀gá láyè láti máa bu owó ìtanràn kúrò nínú owó oṣù. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ ohunkóhun. Mélòó ni gíláàsì tó fọ́ ní Èkó tí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ lọ gbàwé? Òmíràn ni ti mánéjà tó fi orúkọ ara rẹ̀ sínú póíǹtì, tó sì fún ara rẹ̀ ní 15.

Ẹ̀bùn tí oníbàárà fúnra rẹ̀ fi ṣe inúure pàápàá kì í sábà dé ibi tó rán an, pàápàá bó bá gba orí POS. Ẹ wò ó báyìí: owó oúnjẹ jẹ́ ₦36,750, ẹ ní kí wọ́n tẹ ₦40,000, kí agbáwo mú ìyókù. ₦3,250 lẹ fún un yẹn, lójú tiyín. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ilé oúnjẹ lálẹ́, ẹni tó ń ṣírò owó á yọ àkópọ̀ ọjọ́ yẹn jáde láti inú POS, á fi wé ọjà tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Á rí i pé POS fi ₦3,250 lé. Bí agbáwo kò bá ti kọ ọ́ sẹ́yìn pépà POS pé owó òun ni, tí mánéjà sì fọwọ́ sí i, "owó tó lé" ni wọ́n á kọ ọ́ sí, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Bó tilẹ̀ kọ ọ́, wọ́n á ní owó POS ò tíì wọlé, kó dọ̀la. Bó bá dọ̀la, ẹlòmíràn ló wà nídìí ìṣirò. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fún agbáwo ní nǹkan, ẹ fún un ní kéèṣì sọ́wọ́, tàbí kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀. Ẹ má fi í mọ́ owó oúnjẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ará ní Houston mọ̀ ọ́n: bẹ́ ẹ bá jẹun tán, tẹ́ ẹ fi 10% sílẹ̀, wọn á wò yín bákan. 15% di 18%, 18% di 20%. Nísinsìnyí, ẹni tó kàn ra kọfí lórí ìdúró, wọ́n á yí ojú kọ̀ǹpútà sí i pé kó yan iye tó fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń ráhùn. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbí. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gba ọ̀gá láyè kó san $2.13 péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba tips, iye yẹn kò sì tíì kúrò lójú kan láti 1991. Tips ló gbọ́dọ̀ gbé e dé $7.25, tó jẹ́ owó tó kéré jù lọ níbẹ̀ láti 2009. Bí kò bá dé e, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ dí i. Ní Texas, $2.13 yẹn náà ni. Ìpínlẹ̀ 7, tí California àti Washington wà lára wọn, ò gbà á: owó oṣù ni kí ọ̀gá san ní pípé, kí tips wá lé e lórí. Ìyẹn ni pé 20% tí ará yín ń fi sílẹ̀ ní Houston, apá tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ agbáwo ni. Kò dáa, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú òfin, gbogbo èèyàn sì mọ̀ ọ́n.

Òfin owó oṣù tiwa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kò síbi tó ti ní kí ọ̀gá yọ owó ọtí kúrò nínú ₦70,000. Ihò tó wà níbẹ̀ yàtọ̀: òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀, ó yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún àkókò díẹ̀ lójúmọ́ sílẹ̀, àtàwọn tó ń gba owó lórí iye ọjà tí wọ́n bá tà. Ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ 19 tí mo ṣírò lókè yìí, òfin ò kàn án rárá. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà tó ní ilé oúnjẹ mẹ́ta, tí wọ́n fi orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, kí ọ̀kankan má bàa pé 25.

Oṣù Kejìlá ló ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ sí i. Àwọn ọmọ wa láti London àti Atlanta á balẹ̀, wọn á ná owó bí ẹni ń ná ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá fi $20 sílẹ̀ lórí tábìlì kò rò ó pé ó ṣe nǹkan bàbàrà. Níbí, owó ọ̀sẹ̀ kan agbáwo lè má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn, bí agbáwo bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó gba imú jáde, tábìlì yẹn lá á máa sá lọ, àwa tá a jókòó síbi fèrèsé á máa na ọwọ́ títí. Bó bá di oṣù Kìíní, àwọn àlejò ti lọ, ìrètí wọn kò lọ, àwa tó kù nílé ni wọ́n ń fi í wò. Mi ò ní kí wọ́n má fún wọn o. Ẹ kàn mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ti ń rí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù ní ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé oúnjẹ, ká lọ sílé epo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kò mọ ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó di ọwọ́ ẹ̀rọ epo mú, mítà ló ń ṣe ọ̀gá lé e lórí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á kọ iye tó wà lójú mítà sílẹ̀, ká ní 412,300. Nígbà tó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n á tún kọ ọ́, ká ní 413,540. Lítà 1,240 ló jáde. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦1,116,000 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, kéèṣì, pépà POS àti transfer. Ohun tó bá dín, òun ló ni gbèsè. Wọ́n ń pè é ní shortage, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Báwo ló ṣe ń dín? Ẹnì kan san owó ayédèrú láàárín èrò. Ẹnì kan fi alert ayédèrú hàn án lójú fóònù, ó sì wakọ̀ lọ. POS kọ̀, oníbàárà ní báńkì ti yọ owó òun, wọ́n jọ ń jà lórí rẹ̀, ọ̀gá ní kó jẹ́ kí oníbàárà máa lọ, owó náà ò sì wọlé mọ́. Ọ̀kan tún wà tí àwọn tó wà níta kì í mọ̀: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò bóyá ìwọ̀n rẹ̀ péye, wọ́n á da epo sínú garawa ìwọ̀n lítà 10, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì dà á padà sínú táǹkì lábẹ́ ilẹ̀. Epo ti padà, mítà kò padà. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lítà 20 ti hàn lójú mítà bí ọjà tí wọ́n tà, ₦18,000 nìyẹn. Ó yẹ kí mánéjà kọ ọ́ sínú ìwé kó sì yọ ọ́. Bó bá gbàgbé, tàbí tó bá díbọ́n pé òun gbàgbé, ọmọbìnrin yẹn ló máa san epo tó wà nínú táǹkì ọ̀gá rẹ̀. Ẹ fi ₦18,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi ₦70,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, àìmọye wọn ni kò sì ń gba ₦70,000 ọ̀hún.

Ibẹ̀ ni "ẹ rí wa o" ti ń jáde wá. Bí ẹ kò bá rí wọn, àwọn kan á rí ara wọn. Ẹ ní ₦5,000, wọn á dá ẹ̀rọ dúró ní ₦4,930. Ẹ san ₦10,000 fún epo ₦9,850, ṣéńjì ò ní sí láé. Wọ́n á ní ₦100 ni owó POS, bẹ́ẹ̀ òǹtajà ló yẹ kó san owó POS fún báńkì. Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ọmọ méjì: ọ̀kan á wá bá yín lójú fèrèsé, á bi yín bóyá kéèṣì ni àbí káàdì, ẹ ó yíjú sí i, kẹ́ ẹ tó yíjú padà, èkejì ti bẹ̀rẹ̀ síí da epo láti orí iye tí ẹni tó lọ ṣáájú yín rà, kò dá a padà sí odo. Nítorí náà, ẹ má dáhùn ìbéèrè kankan títí ẹ ó fi rí odo lójú ẹ̀rọ. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti lè rí i, ẹ tọ́jú fóònù. Mi ò dá ẹni tó bá jalè láre. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀gá tó ń gba shortage lọ́wọ́ ọmọ tí owó rẹ̀ kò tó jẹun ló ń kọ́ ọ ní olè jíjà, òun ni kò sì sí lójú mítà nígbà tẹ́ ẹ bá ń bínú.

Ti òde ìnáwó kò ṣòro. Ẹni tó ń se oúnjẹ ló ń kó àwọn tó ń pín in wá, owó ọjọ́ kan ló sì ń san fún wọn. Oúnjẹ wà nínú kúlà lẹ́yìn, ẹni tó bá ti fún wọn ní ₦1,000 ni wọ́n ń bù fún, tábìlì kejì á máa wo ara wọn. Bí òde bá tú, kúlà ìrẹsì kan á ṣì kún, onínáwó á ní oúnjẹ òun ò tó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó, kẹ́ ẹ tó fún alásè lówó, ẹ kọ mẹ́ta sínú àdéhùn: agbáwo kan fún tábìlì méjì pẹ̀lú nọ́ńbà tábìlì láyà rẹ̀, kí ẹnì kan láti ìdílé yín jókòó ti kúlà, kó máa sàmì sí tábìlì tó bá ti gba tiwọn, kẹ́ ẹ sì ya owó ìdúpẹ́ sọ́tọ̀ tí wọn yóò gbà lẹ́yìn tí òde bá tú, bí kò bá sí tábìlì tó ráhùn. Owó tí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ ló ń lé tọrọ-tọrọ jáde. Ẹ má fi ti alásè nìkan ṣe, torí ó máa ń gbà á tán lọ́dọ̀ yín kó tó sọ fún wọn pé ẹ ò fún un.

Ti ọlọ́dẹ báńkì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kúrú. Kì í ṣe báńkì ló gbà á síṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan tó ń yá wọn ní ọlọ́dẹ ni. Báńkì ń san owó kan lórí rẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn á yọ tiwọn, èyí tó kù ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí bí "ẹ kú wíkẹ́ẹ̀ńdì" yín ṣe lè dí àlàfo yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá sì ní kẹ́ ẹ rí òun, ní pápákọ̀ òfuurufú ni tàbí ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé, ẹ má fi í sínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìyẹn kì í ṣe owó ọtí. Rìbá ni, òfin ọdún 2000 tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ bá ẹni tó béèrè àtẹni tó fún un.

Kí ló yẹ ká ṣe? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é, a lè wò ó. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ó ní gbogbo tips àti service charge tó bá gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, láìyọ nǹkan kan àfi owó-orí tí òfin ní kí wọ́n yọ. Ó gbọ́dọ̀ dé kó tó di ìparí oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí oníbàárà san án. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ ní ìwé tó sọ bí òun ṣe ń pín in, kó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 3. Òṣìṣẹ́ lè béèrè láti rí i. Àwọn tí ilé iṣẹ́ mìíràn yá wọn náà wà nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó kò lè jókòó lé lórí, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó-orí 5% tí àwọn fúnra wọn ń gbà lórí abọ́ ìrẹsì kan náà.

Títí òfin yẹn á fi dé, agbára kan wà lọ́wọ́ oníbàárà tí kì í lò. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, abala 115, ní kí wọ́n fi iye ọjà hàn, kí wọ́n má sì gba ju iye tí wọ́n fi hàn lọ. Bí service charge kò bá sí lójú ìwé tí wọ́n fi hàn yín kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tó ti wá, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì ni ẹ lè fi ẹjọ́ sùn. Nítorí náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jókòó: "Ṣé service charge wà níbí? Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?" Bó bá wà, ẹ má fún agbáwo ní nǹkan mìíràn àfi tó bá tọkàn yín wá. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ̀gbọ́n, a ti san tiyín sórí rìsíìtì," tàbí "Àbúrò" bó bá kéré sí yín. Ẹ má fi ìbínú ṣe é, kò mọ ohunkóhun sí i.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ ní kí wọ́n pe mánéjà wá. Ẹ na rìsíìtì sí i, ẹ fi ìka sórí ìlà ₦3,000 yẹn, ẹ bi í léèrè mẹ́ta péré: ta ló ń gbà á, póíǹtì mélòó ni agbáwo tó gbé oúnjẹ yìí wá ní, ọjọ́ wo lóṣù ni wọ́n ń san án. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín in lóòótọ́, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jáde kẹ́ ẹ tó mí. Mánéjà tó bá bẹ̀rẹ̀ síí wá àwáwí, ẹ ní kó yọ ₦3,000 náà kúrò lórí rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì kà á sọ́wọ́ agbáwo lójú rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akáǹtà ilé oúnjẹ kan,
Ìkẹjà, Èkó.